Ẹ ka nọ́ńbà inú EasyCap yín kí ẹ tó wá driver kankan

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní ẹ fẹ́ kó fídíò ìgbéyàwó àti ti òkú àgbà láti orí kásẹ́ẹ̀tì VHS wọ inú láptọ́ọ̀pù Windows 10, ẹ wá ki EasyCap, ike kékeré tó ń gba fídíò wọ kọ̀ǹpútà láti ihò USB, bọ̀ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù yín ní Èbúté Ìkòròdú níbẹ̀, kò fojú hàn, CD driver (software tí kọ̀ǹpútà fi ń bá a sọ̀rọ̀) tó bá a wá náà ò ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra òmíràn.

Ẹ gbé CD yẹn tì ná. Orúkọ EasyCap tí wọ́n tẹ̀ sára páálí ò sọ ohunkóhun fún wa. Ó kéré tán, oríṣi chip (ọpọlọ kékeré inú rẹ̀) mẹ́rin ló wà nínú àwọn tí wọ́n ń fi orúkọ yẹn tà. Ike kan náà, àwọ̀ kan náà, àmọ́ driver ọ̀kan ò lè bá èkejì ṣiṣẹ́. Ibi tó ti ń dojú rú fún ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn: driver tí wọ́n gbé wá ò níṣòro, ti ẹlòmíràn ni wọ́n gbé wá.

Nọ́ńbà ni kí ẹ wá. Ẹ di bọ́tìnnì Windows mú, ẹ tẹ X, ẹ mú Device Manager. Ẹ ṣí i sílẹ̀ kí ẹ tó ki nǹkan náà bọ ihò USB, kí ojú yín wà níbẹ̀. Bó bá ti wọlé, gbogbo ojú ìwé yẹn á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, orúkọ tuntun á yọ, nígbà púpọ̀ lábẹ́ Other devices, pẹ̀lú àmì aláwọ̀ ìyeyè lára rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lọ sí Details, ẹ yan Hardware Ids. Ìlà kan á wà níbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú USB\VID. Àmì mẹ́rin tó tẹ̀lé VID (nọ́ńbà ilé-iṣẹ́) àti mẹ́rin tó tẹ̀lé PID (nọ́ńbà ọjà náà), àwọn ni ẹ ó fi mọ irú ẹni tó jẹ́.

Bó bá jẹ́ 05E1 àti 0408, chip STK1160 ti ilé-iṣẹ́ Syntek ni. 1B71 àti 3002 ni UTV007. EB1A ni ti Empia, PID rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ 2860 tàbí 2861. 1C88 ni Somagic, òun ló le jù nínú wọn, torí pé gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti ki í bọ̀ ọ́ ni driver rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ da firmware (software tí chip náà fi ń ṣiṣẹ́) sí i nínú. 0007 ni PID rẹ̀ kó tó gbà á. Bó bá gbà á tán, PID yẹn á yí padà, kẹ́ ẹ má ṣe jáyà. Bí ẹ bá wá rí 534D àti 2109, ti HDMI nìyẹn. Kò nílò driver rárá, Windows ní tirẹ̀ tó máa lò fún un.

Àmọ́ bí Device Manager ò bá ṣẹ́jú rárá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ driver kọ́ nìyẹn. Kò sí driver tó lè la ojú kọ̀ǹpútà sí ohun tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ yọ hub (ohun tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀) kúrò láàárín: iná 500 mA ni ihò USB 2.0 ń fún èèyàn, hub tí kò ní iná tirẹ̀ á sì pín in fún máòsì, fláàṣì àti EasyCap pọ̀. Ẹ gbé e sí ihò tó wà lára láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀. Ẹ wo ẹnu irin USB náà dáadáa pẹ̀lú, torí ọ̀rinrin ẹ̀bá ọ̀sà yẹn máa ń mú kí irin dípẹtà. Ẹ fi òwú àti spirit nù ún, kó gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra mi ìdí rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá ń dún pé ó wọlé, ó tún jáde, ẹsẹ̀ kan ti là níbi tí wọ́n jó o mọ́. Mẹ́rin péré ni ẹsẹ̀ náà. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Sábó lè fi lẹ́ẹ̀dì tún un jó.

Bó bá fojú hàn àmọ́ tó ń kọ̀, ẹ ka Code (nọ́ńbà àṣìṣe) tó wà ní General. 28: kò ní driver. 10 tàbí 43: ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ ihò, kí ẹ tó fura sí driver. 52: Windows ò rí ìbuwọ́lùwé tó gbà lára driver náà. Àwọn kan á ní kí ẹ pa àyẹ̀wò yẹn. Èmi ò ní gbà yín níyànjú bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá pa á láti Startup Settings, ó ń padà bí kọ̀ǹpútà bá tún tàn. Ẹ wá driver 64-bit tó ní ìbuwọ́lùwé. Driver 32-bit ò lè wọ Windows 64-bit láéláé, 32-bit ló sì kún inú àwọn CD àtijọ́ wọ̀nyẹn.

Kí tuntun tó wọlé, ẹ lé èyí tí kò tọ́ jáde. Ẹ tẹ View, ẹ mú Show hidden devices, ẹ yọ gbogbo èyí tó ṣì wà, títí kan àwọn tó rí bí òjìji, pẹ̀lú Uninstall device, kí ẹ sì fàmì sí ibi tó ní kó pa driver náà rẹ́. Ẹ yọ EasyCap, ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn. Ìgbà yẹn ni kí ẹ lo Update driver, ẹ yan Browse my computer, ẹ na fódà tí driver tuntun náà wà sí i. Ẹ jìnnà sí àwọn software tó ní àwọn á wá driver fún yín, kòkòrò ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń kó wọlé.

Bí iyèméjì bá kù, ẹ fi fláàṣì tan Ubuntu (irú Linux kan, tó ń ṣe iṣẹ́ tí Windows ń ṣe) láì gbé e sórí láptọ́ọ̀pù yín. Driver STK1160, UTV007 àti Empia wà nínú Linux tẹ́lẹ̀. Bí àwòrán bá jáde níbẹ̀, EasyCap yín yè, Windows ló ń ṣòjòjò.

Bí Windows bá ti wá gbà á, tí àwòrán ń yí gbirigbiri tàbí tí àwọ̀ ò sí, PAL-B, ètò tẹlifíṣọ̀n ti Nàìjíríà, ni kí ẹ yan nínú software tí ẹ fi ń gba fídíò, kì í ṣe NTSC ti Amẹ́ríkà, kí ẹ sì yan Composite bó bá jẹ́ wáyà olórí ìyeyè lẹ lò. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ kọ ìlà VID yẹn àti Code rẹ̀ síbí fún wa.