"Àǹtí, mo gbàdúrà ìrìnàjò fún un, ó ṣì kú"

Àbúrò mi tó kọ̀wé láti Òmù-Àrán, kú ìrọ́jú o, Olúwa á tù ẹ́ nínú. O ní àbúrò ẹ ọkùnrin kú nínú jàǹbá ọkọ̀ nígbà tó ń ti Ìlọrin bọ̀, ìwọ gan-an lo gbàdúrà fún un lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, látìgbà náà tó o bá ti kúnlẹ̀ báyìí ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu ẹ mọ́, àwọn sístà ṣọ́ọ̀ṣì sì ń sọ fún ẹ pé onígbàgbọ́ kì í sunkún bí ẹni tí ò nírètí.

Mo mọ ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n ń kà sí ẹ létí yẹn, Tẹsalóníkà Kìíní orí 4 ni. Pọ́ọ̀lù ò ní ká má sunkún o, ó ní ká má banújẹ́ bíi tàwọn tí ò nírètí, ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Jọ̀ọ́ ṣí Jòhánù orí 11, torí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin méjì tí arákùnrin wọn kú ló wà níbẹ̀. Wọ́n ti ránṣẹ́ pe Jésù nígbà tí Lásárù ń ṣàìsàn, ó tún dúró ọjọ́ 2 sí i níbi tó wà, ìgbà tó máa fi dé òkú ti wà nínú ibojì fún ọjọ́ 4. Màtá pàdé ẹ̀, ó ní "Olúwa, ìbáṣe pé ìwọ ti wà níhìn-ín, arákùnrin mi kì bá kú", Màríà náà dé, ohun kan náà ló sọ. Ẹ̀sùn nìyẹn, ká má tan ara wa, Jésù ò sì torí ẹ̀ lé ẹnì kankan nínú wọn. Ó mọ̀ pé òun máa tó jí Lásárù dìde, síbẹ̀ ó sunkún, ta wá ni sístà tó ní kí ìwọ nu ojú? Ohun tó há ẹ lọ́fun yẹn, sọ ọ́ fún Jésù bó ṣe rí, àdúrà ni. Tí kò bá ṣeé sọ, ka Sáàmù 88 sókè, inú òkùnkùn ló parí sí, kò sí halelúyà kankan ní ìsàlẹ̀ ẹ̀.

Mi ò ní sọ ìdí tí Ọlọ́run fi gbà á láyè. Àwọn tó ń sọ pé "Ọlọ́run fẹ́ràn ẹ̀ jù wá lọ", ta ló rán wọn?

Ẹ̀gbọ́n màmá yín tí wọ́n jẹ́ mùsùlùmí, tó o ní wọ́n ń wá láti Ìlọrin wá jókòó tì yín láìsọ nǹkan kan, má jẹ́ kójú tì ẹ́ pé àwọn ló ń tù ẹ́ nínú ju ará ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù náà jókòó ọjọ́ 7 láìsọ̀rọ̀, ìgbà tí wọ́n lanu ni wàhálà dé. Sọ fún pásítọ̀ ẹ pé kí wọ́n wá jókòó bẹ́ẹ̀, láìsí ìwàásù. Oorun tí ò wá àti oúnjẹ tí ò wọlé yẹn, lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí, ìyẹn ò ní kí ìgbàgbọ́ ẹ dínkù.

Màmá ńkọ́? Òkú ọ̀fọ̀ ni, wọn ò jẹ́ kí màmá dé ibi sàréè, gbogbo ilé sì ti panu mọ́ bíi pé ẹnikẹ́ni ò kú. Àṣà ò ní kí wọ́n má dárúkọ ọmọ wọn o. Tálẹ́ bá ti lẹ́, gbé fọ́tò ẹ̀ jáde, bi wọ́n bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré, kẹ́ ẹ jọ sọ ọ́, kẹ́ ẹ jọ sunkún ẹ̀.