Mo kó kíláàsì mi wọnú ayé orí kọ̀ǹpútà, wọ́n bá ń fò kiri

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì. Wọ́n ní kíláàsì mi ń sú àwọn, ni mo bá kó wọn lọ sórí Second Life, ayé orí kọ̀ǹpútà tí kálukú ti ń gbé ara mìíì wọ̀ yẹn. Mo kọ́ gbọ̀ngàn ńlá síbẹ̀, mo to àga, mo gbé síláìdì mi sára ògiri. Ẹ ò rí nǹkan! Ọ̀kan ń fò lókè orí mi, ọ̀kan bọ́ṣọ sílẹ̀ kò mọ bó ṣe máa wọ̀ ọ́ padà, àwọn mẹ́ta ò tiẹ̀ rọ́nà wọlé. Ṣé kí n kúkú kó wọn padà? – Lẹ́kíṣọ́rà tọ́rọ̀ sú

ÌDÁHÙN: Ẹ má bínú, mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. Látọdún 2003 tí iléeṣẹ́ Linden Lab ti ṣí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣèèṣì bọ́ṣọ, tiyín kọ́ ni àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yẹn ò jẹ̀bi o, àga tẹ́ ẹ tò yẹn ló jẹ̀bi. Ẹni tó lè fò, kí ló fẹ́ fi àga ṣe?

Ẹ wo Peter Yellowlees, tó jẹ́ dókítà àrùn ọpọlọ ní University of California, Davis, nígbà náà. Ó fẹ́ káwọn èèyàn mọ ohun tójú alárùn schizophrenia ń rí, ìyẹn àrùn ọpọlọ tó lè mú kéèyàn máa gbọ́ tàbí kó máa rí ohun tí kò sí, ló bá kọ́ ilé ìwòsàn sínú Second Life. Nígbà yẹn, tẹ́ ẹ bá wọlé, ohùn á máa bú yín látibi tẹ́ ẹ ò rí, ilẹ̀ á yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ yọjú sí dígí, ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn lójú yín. Èwo ni síláìdì fẹ́ ṣe nínú ìyẹn?

Ìtàn tẹ́ ẹ ń kọ́ wọn yìí gan-an dùn ún lò níbẹ̀. Ẹ wó gbọ̀ngàn yẹn, ẹ ní kí wọ́n kọ́ ìlú àtijọ́ kan tó wà nínú ìwé wọn, ní mẹ́rin mẹ́rin. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn pé ibo ni ẹnubodè kọjú sí, báwo ni ògiri ṣe ga tó, kò ní sẹ́ni tó máa rán wọn kí wọ́n tó ṣíwèé. Ẹ fi wákàtí àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún eré, kí wọ́n fò, kí wọ́n wọṣọ, kó tán lára wọn. Ẹni tí kọ̀ǹpútà ẹ̀ ò gbé e, kó jókòó ti ẹnì kejì, kí ọ̀kan máa tẹ̀ ẹ́, kí ìkejì máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ wọn o. Ní 2010 Linden Lab kéde pé àwọn ò ní gba ìdajì owó lọ́wọ́ iléèwé mọ́, ọ̀pọ̀ kẹ́rù lọ sórí OpenSimulator, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ téèyàn lè fi dá irú ayé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, 2013 ni wọ́n tó dá ẹ̀dínwó yẹn padà.

Ẹni tó ń fò yẹn ńkọ́? Ẹ má sọ ọ́ kalẹ̀, òun ni kó máa ya fọ́tò ìlú náà látòkè.