Ẹ Bi Wá: Ta Ló Ń Fa Géèmù Eré Ọkọ̀ Sẹ́yìn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Assetto Corsa ni mò ń gbá lórí láptọ́ọ̀pù mi: i5-9300H, GTX 1650 oní-4GB, RAM 8GB. Bí mo bá dá wà lójú ọ̀nà, fírémù 60 (àwòrán 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan) ni mò ń rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá kó ọkọ̀ 20 jọ ní Monza, pápá eré ọkọ̀ ilẹ̀ Ítálì, ó ń já wálẹ̀ sí bíi 35, "CPU occupancy > 99%" á sì hàn. Mo dín bí àwòrán ṣe mọ́ kedere tó kù láti 1080p sí 720p, kò yí nǹkan kan padà. Ṣé kí n ra káàdì gíráfíìsì mìíràn ni?
Akẹ́kọ̀ọ́, Ìworòkó-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ẹ má náwó. Wọ́n ti jó káàdì yẹn mọ́ bọ́ọ̀dù láptọ́ọ̀pù, kò ṣeé yọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀yin fúnra yín ti rí ìdáhùn láìfura. Iṣẹ́ tí 1080p ń gbé fún káàdì ju ìlọ́po méjì ti 720p lọ. Ká ní káàdì ló ń jìyà ni, fírémù ì bá ti fò sókè nígbà tí ẹ dín in kù. Nígbà tí kò mira, a jẹ́ pé CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ìṣirò, ni ẹrù wọ̀ lọ́rùn.

Géèmù yìí ń ṣírò táyà, sípíríìngì àti afẹ́fẹ́ ní ìgbà 333 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tí kọ̀ǹpútà ń wà náà ní ìṣirò tirẹ̀. Bíi ìdá 3 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan péré ni CPU ní láti fi parí gbogbo rẹ̀ kí òmíràn tó dé. Tí kò bá parí, àkọlé tí ẹ rí yẹn ló ń jáde. Ẹ má sì jẹ́ kí Task Manager, ojú ìwé Windows tó ń fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà hàn, tàn yín pé CPU ò tíì lò ju 40% lọ. Ọ̀nà 8 tí iṣẹ́ ń gbà ni i5 yẹn (CPU yín) ní, ọ̀kan nínú wọn lè kún dẹ́nu kó sì jẹ́ 12.5% péré lójú ìwé. Káàdì ni kí ẹ wò, pẹ̀lú MSI Afterburner, ètò tó ń fi bí káàdì ṣe ń ṣiṣẹ́ tó hàn: bó bá wà ní 97% sí 99%, òun ló ń fà yín sẹ́yìn; bó bá wà ní 55%, ó ń jókòó de CPU ni.

Nítorí náà, ẹ dá àwòrán padà sí 1080p. 720p ń sọ pátákó bírékì di ẹgẹrẹmìtì lójú, ẹ ò sì jèrè nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ dín ọkọ̀ kù sí 14, kí ẹ wá máa fi méjì méjì kún un. Ẹ̀yìn pátápátá ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ eré nígbà tí ẹ bá ń dán an wò, níbi tí gbogbo ọkọ̀ ti wà níwájú yín; ẹni tó ń dá nìkan dán an wò ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Lẹ́yìn náà, nínú ètò àwòrán géèmù, ẹ lọ sí "Faces per frame" lábẹ́ ìtànṣán ara ọkọ̀. Bó bá wà lórí 6, géèmù ń ya àyíká ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà fún fírémù kan ṣoṣo, torí kí bọ́ńẹ́ẹ̀tì lè dán. Ẹ fi sí 1 tàbí 2. Díńgí ẹ̀yìn náà ń ya ojú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan sí i: ẹ má pa á, ẹ nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ dín dídára rẹ̀ kù, kí ẹ sì pa èéfín inú rẹ̀.

Ìdí tá a fi ń yọ ara wa lẹ́nu nìyí: ní 250 km/h, ọkọ̀ ń rin bíi mítà 1.2 láàárín fírémù kan sí èkejì bí ó bá jẹ́ 60. Ní 35, ó di mítà 2. Ibi tí ọkọ̀ sì ti ń wọ́ jọ láti tẹ bírékì gan-an ni fírémù ti ń já. 50 tí kò yẹsẹ̀ sàn ju 60 tó ń ṣe ségesège lọ.

Bó bá jẹ́ pé ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ló ń fà, ooru ni. Ọyẹ́ Èkìtì kì í mú òtútù nìkan wá, eruku rẹ̀ ń dí ẹnu fáànù. Ẹ fọn ọ́n.

ÌBÉÈRÈ: Ṣọ́ọ̀bù géèmù ni a ní. Káàdì gíráfíìsì RX 580 ti AMD ló wà nínú kọ̀ǹpútà wa, mọ́nítọ̀ jẹ́ 75Hz (ó lè fi àwòrán 75 hàn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan) oní-FreeSync, a tan V-Sync. Fírémù kì í kúrò ní 75, síbẹ̀ àwọn oníbàárà ní ṣítíárìn ń pẹ́ kó tó dáhùn. A pààrọ̀ wáyà, pàbó ni.
Oníṣọ́ọ̀bù, Ìkéré-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Wáyà ò ṣẹ̀. V-Sync ń to fírémù tó ti parí sórí ìlà títí mọ́nítọ̀ á fi ráyè. Bí méjì tàbí mẹ́ta bá tò síbẹ̀, ìdá 27 sí 40 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan ti lọ. Inú ìṣirò ọkọ̀ ni agbára ṣítíárìn sì ti ń wá, kì í ṣe inú àwòrán, ìyẹn ni ọwọ́ fi ń mọ̀ ṣáájú ojú. Ẹ tan FreeSync, tó ń mú kí mọ́nítọ̀ máa bá ìyára káàdì lọ, nínú mẹ́nù mọ́nítọ̀ àti nínú ètò AMD, ẹ pa V-Sync, kí ẹ fi òdiwọ̀n fírémù sí 72. Mẹ́ta tí ẹ yọ yẹn ni kò ní jẹ́ kó forí gbá òkè 75. Bí ẹ bá pa V-Sync láìfi òdiwọ̀n sí i, káàdì á máa ya fírémù tí mọ́nítọ̀ ò lè fi hàn, epo jẹnẹrétọ̀ yín á sì máa bá a lọ.

ÌBÉÈRÈ: Bí iná bá ti lọ, fírémù géèmù lórí láptọ́ọ̀pù mi oní-káàdì NVIDIA á já sí 30 géérégé, kò ní lọ sókè, kò ní lọ sílẹ̀. Ṣé bátìrì ti bàjẹ́ ni?
Òǹkàwé, Adó-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Rárá. Bátìrì tó bàjẹ́ kì í dúró lójú kan. Battery Boost, ètò NVIDIA tó ń dín fírémù kù kí bátìrì lè pẹ́, ló ń dá a dúró sí 30; inú ètò NVIDIA ni ẹ ti lè gbé e sókè tàbí kí ẹ pa á. Ṣùgbọ́n bátìrì ò lè fún káàdì ní agbára tí ṣájà ń fún un, torí náà inverter ni kí ẹ ki ṣájà bọ̀. Bí ṣájà bá jẹ́ 150W, bátìrì inverter olómi 12V 100Ah kan, tí kò yẹ kí ẹ lò kọjá ìdajì, á gbé e fún bíi wákàtí mẹ́ta, bí kò bá sí fáànù àti tẹlifíṣọ̀n lórí rẹ̀.