Kí ló dé tí “sermonise” fi dà bí èébú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Leeds ni mo ń gbé, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pé “Our pastor sermonised so well on Sunday.” Ó rẹ́rìn-ín, ó wá bi mí bóyá mi ò fẹ́ràn pásítọ̀ náà ni. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan níyànjú pé kó yé pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ó ní “Don’t preach at me.” Bẹ́ẹ̀ mi ò dárúkọ Ọlọ́run rárá! Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Gírámà yín ò lábùkù. Ẹ̀gàn tó wà nínú “sermonise” lẹ ò fura sí. Ẹ rò pé bí “sermon” bá jẹ́ ìwàásù, “sermonise” á jẹ́ kéèyàn wàásù. Ìrònú yín mọ́gbọ́n dání, àmọ́ wọn kì í sábà lò ó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ojoojúmọ́. Bí wọ́n bá ní ẹnì kan “was sermonising”, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó ń da ìmọ̀ràn tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè lé àwọn èèyàn lórí, ó sì ń ṣe bíi pé òun nìkan ló mọ ọ̀nà. Ẹ fẹ́ yin pásítọ̀, etí obìnrin yẹn gbọ́ pé ẹ ń bú u.

Fún ìwàásù gidi, “preach” ni kẹ́ ẹ lò: “Our pastor preached so well on Sunday.” Ẹ sì lè ní “He gave a very good sermon.” “Preached” ni o, kì í ṣe “praught”, “teach” ló di “taught”, “preach” ò bá a rin ọ̀nà yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ dárúkọ ibi tó ti kà, “on” ni: “He preached on John 3.” Bó bá jẹ́ ohun tó ń ta kò ni, “against” ni.

Ti ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ló gba àlàyé, nítorí pé “fún” kan ṣoṣo là ń lò nínú “wàásù fún”, tí Òyìnbó sì ní “to” àti “at”. “Throw the ball to me”: ju bọ́ọ̀lù sí mi kí n hán an. “Throw the ball at me”: sọ ọ́ lù mí. “Shout to” jẹ́ kí èèyàn ké sí ẹnì kan. “Shout at” jẹ́ kó jágbe mọ́ ọn. Ẹ rí “mọ́” yẹn? Jágbe mọ́, pariwo mọ́, kanra mọ́: òun ló sún mọ́ “at” jù. Bí Yorùbá bá ń sọ pé “wàásù mọ́ mi” ni, òun gan-an ni “preach at me” ì bá jẹ́. “Preach to” lè wà láìní ẹ̀gàn: “He preached to a full church.” Àmọ́ “Don’t preach to me” jẹ́ ìbínú, torí pé gbólóhùn náà fúnra rẹ̀ ń kọ ìmọ̀ràn. “Má wàásù fún mi níbí jàre” tiwa náà rí bẹ́ẹ̀: “wàásù” ò burú, ohùn tí wọ́n fi sọ ọ́ ló korò. Ti “sermonise” ò rí bẹ́ẹ̀. Inú ọ̀rọ̀ náà gan-an ni ìkorò rẹ̀ wà.

Ẹ má sọ pé “He preached me.” Ohun tí wọ́n ń wàásù ló máa ń tẹ̀ lé “preach” tààrà: “preach the gospel”, “preach patience”. “Lecture” ló lè gba èèyàn tààrà: “She lectured me about being late”, ìyẹn ni pé ó fi ìmọ̀ràn dá mi lágara. Síbẹ̀ “She lectures in law” kò ní ẹ̀gàn kankan, iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì ni. Ọmọ ìyá “sermonise” ni “pontificate”, tó bá “pontiff”, ìyẹn póòpù, tan. Ẹni tó ń “sermonise” ń sọ bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ hùwà. Ẹni tó ń “pontificate” lè máa sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lásán, àmọ́ bíi pé orí ìtẹ́ ló ti ń sọ ọ́.

Ibì kan wà tí “sermonise” ti wúlò fún yín: kẹ́ ẹ fi í ba ara yín wí ṣáájú. “I don’t mean to sermonise, but...” dára nínú ìwé, lẹ́nu, “I don’t want to preach, but...” ló rọrùn jù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ sọ gbólóhùn kan tàbí méjì, kẹ́ ẹ dákẹ́. Bí ẹ bá wá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ̀rọ̀, ohun tí ẹ ní ẹ ò fẹ́ ṣe gan-an lẹ ṣe yẹn. Ní ti ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, “Can I give you a bit of advice?” ni ì bá dára jù, torí ó fún un láyè láti gbà tàbí kọ̀.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, “sermonise” àti “sermonize” tọ́ méjèèjì. Ní Amẹ́ríkà, “z” ni wọ́n ń lò. Sílébù àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ mọ́.

Bí ẹ bá rí “Preach!” nìkan lábẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sórí Facebook, ẹ má bínú. Inú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ló ti tàn dé ìgboro. Ẹni náà ń sọ pé òótọ́ lẹ sọ ni.

Ẹ ṣì lè kọ̀wé sí obìnrin yẹn pé: “I meant he preached really well. I liked it!”