Wọ́n Ní Mo Mọṣẹ́, Mo Ní Mi Ò Mọ Nǹkan Kan: Ṣé Ìrẹ̀lẹ̀ Nìyẹn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán mà. Ọmọ ọdún 28 ni mí, Akúrẹ́ níbí ni mò ń gbé, iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Ọjà Ọba. Ó ti pẹ́ tí mo ti ṣe fíríídọ̀ọ̀mù, kọ́sítọ́mà ń wá dáadáa, àmọ́ tí ẹnikẹ́ni bá ti yin iṣẹ́ mi báyìí, ojú á kàn máa tì mí, màá ní "ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, mi ò mọ nǹkan kan". Owó iṣẹ́ tí mò ń gbà ò tó èyí tí àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ ń gbà. Ní báyìí wọ́n fẹ́ kí n di lídà kwáyà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo ní rárá, mi ò yẹ. Pásítọ̀ wa máa ń wàásù pé ìgbéraga ló lé Sátánì kúrò lọ́run, ẹ̀rù ẹ̀ sì ń bà mí gan-an. Oníwàásù kan tí mò ń gbọ́ lórí fóònù wá ní kí n máa dúró síwájú dígí láràárọ̀ kí n máa sọ pé "kò sẹ́ni tó dà bí mi". Mo gbìyànjú ẹ̀, ó dà bí irọ́ lẹ́nu mi. Látìgbà tí mo ti wà ní kékeré ni màmá mi ti máa ń sọ pé "wo ẹ̀gbọ́n ẹ", ẹ̀gbọ́n mi sì ti di nọ́ọ̀sì ní London. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ irú ẹni tóun jẹ́ gan-an láì gbéraga, láì sì máa fojú tẹ́ńbẹ́lú ara ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dárúkọ mi o.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o ṣeun tó o béèrè. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn onígbàgbọ́ ń gbé wá sọ́ọ́fíìsì ìgbaninímọ̀ràn wa ní Alágbàká níbí, èyí wà lára àwọn tó máa ń dùn mí jù. Èèyàn á jókòó síwájú mi, ó mọṣẹ́, ó níwà, ó fẹ́ràn Ọlọ́run, ṣùgbọ́n tí mo bá ní kó sọ ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, á kàn máa wolẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Nígbà tó o ní o ò mọ nǹkan kan, òótọ́ kọ́ lo sọ. O mọ̀ ọ́n. O ti kọ́ ẹlòmíì níṣẹ́ tó fi ń jẹun, àwọn tó o ránṣọ fún ń padà wá, wọ́n ń mú ọ̀rẹ́ wọn wá, tó bá jẹ́ ẹlòmíì lo sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí, èké lo pa mọ́ ọn yẹn, kí ló dé tó o rò pé Ọlọ́run fẹ́ kó o máa pa á mọ́ ara ẹ? Ti dígí yẹn náà, ó dà bí irọ́ torí pé irọ́ ni. Àwọn tó dà bí ẹ wà, àwọn tó mọ aṣọ rán jù ẹ́ lọ sì wà nínú Akúrẹ́ yìí. Ẹ̀rí ọkàn ẹ ṣiṣẹ́ dáadáa láàárọ̀ yẹn.

Róòmù 12:3 ló bọ́ sí ọ̀rọ̀ ẹ jù. Pọ́ọ̀lù ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ro ara rẹ̀ jù bó ti yẹ lọ, ṣùgbọ́n kó rò níwọ̀ntún-wọ̀nsì, bí Ọlọ́run ṣe pín ìwọ̀n ìgbàgbọ́ fún oníkálukú. Ìdajì ẹsẹ yẹn la máa ń gbọ́ lórí pẹpẹ. Ìdajì kejì ńkọ́? Ẹ̀yìn ìyẹn gan-an ló bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀bùn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ẹsẹ 6 dé 8, pé kí ẹni tó ń kọ́ni máa kọ́ni, kí ẹni tó ń ṣolórí máa fi aápọn ṣe é. Báwo wá ni ẹni tó ti búra pé òun ò ní ẹ̀bùn kankan ṣe fẹ́ lò ó?

Ìwọ tó o jẹ́ télọ̀, o mọ̀ pé tí tépù bá ti fà, bó ti wù kí ọwọ́ èèyàn mọ́ tó, aṣọ yẹn ò ní bá ẹni tó ni ín mu. Tépù tó o fi ń wọn ara ẹ ti fà, ilé lo sì ti gbà á, òun ni "wo ẹ̀gbọ́n ẹ" yẹn. Mi ò bú màmá o. Ọ̀pọ̀ òbí wa nílẹ̀ Oǹdó yìí ló gbà pé a kì í yin ọmọ lójú ara ẹ̀ kó má baà bàjẹ́, wọ́n á fi ẹ́ yangàn lọ́jà, wọ́n á fi ẹ́ yangàn níbi ìpàdé ẹbí, àmọ́ tó o bá ti wọlé báyìí, kìkì àléébù ẹ ni wọ́n á máa kà sí ẹ létí, ìfẹ́ ni lójú tiwọn. Ó ṣeé ṣe kí màmá ṣì máa fi ẹ́ yangàn títí dòní kó o má sì mọ̀. Ṣùgbọ́n 2 Kọ́ríńtì 10:12 pe àwọn tó ń fi ara wọn wé ara wọn ní aláìlóye. Kí la fẹ́ fi wé ara wọn nínú nọ́ọ̀sì ní London àti télọ̀ ní Akúrẹ́? Ọlọ́run ò ní bi ẹ́ nípa àwọn aláìsàn tí ẹ̀gbọ́n ẹ ń tọ́jú.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ sí dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. A rò pé tí èèyàn bá ti ń fojú kéré ara ẹ̀, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ìgbéraga nìyẹn. Lọ ka ìtàn Sọ́ọ̀lù, ọba àkọ́kọ́ ní Ísírẹ́lì. Ní 1 Sámúẹ́lì 9:21 òun fúnra ẹ̀ ló sọ pé inú ẹ̀yà tó kéré jù lòun ti wá, ìdílé òun ló sì kéré jù níbẹ̀. Ní orí 10, lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fi í hàn bí ọba, wọ́n wá a títí, àárín ẹrù ló lọ sá pamọ́ sí. Ta ló máa rí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn tí ò ní pè é ní onírẹ̀lẹ̀? Ọkùnrin yẹn náà ló di orí 15 tó tẹ òfin Ọlọ́run lójú torí pé ó bẹ̀rù àwọn èèyàn, ó jẹ́wọ́ ẹ̀ bẹ́ẹ̀, tó tún wá ń bẹ Sámúẹ́lì pé kó ṣáà bọlá fún òun níwájú àwọn àgbààgbà. Tó bá di orí 18, àwọn obìnrin kọrin pé Sọ́ọ̀lù pa ẹgbẹ̀rún tiẹ̀, Dáfídì pa ẹgbàárùn-ún tiẹ̀, orin lásán o, kò pẹ́ tó fi ń sọ ọ̀kọ̀ lu ọmọ ọlọ́mọ. Lójú tèmi Sọ́ọ̀lù ò yí padà rárá. Ojú àwọn èèyàn ló fi ń wo ara ẹ̀ nígbà tó sá pamọ́, ojú àwọn èèyàn náà ló fi wo ara ẹ̀ nígbà tó mú ọ̀kọ̀. Torí náà, kíkọ̀ tó o kọ ipò kwáyà yìí, bi ara ẹ pé ṣé torí pé o ò mọ̀ ọ́n ṣe ni lóòótọ́, àbí torí ohun tí wọ́n máa sọ tó o bá ṣì í. Tó bá jẹ́ ti ìkejì, ara ẹ náà lo ṣì ń rò ṣáá.

Pọ́ọ̀lù lèmi máa ń ní kí àwọn èèyàn lọ wò. 1 Kọ́ríńtì 15, ẹsẹ 9 àti 10. Ó ní òun lòun kéré jù nínú àwọn àpọ́sítélì, òun ò tiẹ̀ yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ó sì sọ ìdí ẹ̀, pé òun ṣe inúnibíni sí ìjọ Ọlọ́run. Kò fi í pamọ́ rárá. Ẹsẹ tó tẹ̀ lé e, ó ní nípa oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run òun rí bí òun ṣe rí, òun sì ṣiṣẹ́ ju gbogbo wọn lọ, síbẹ̀ kì í ṣe òun bí kò ṣe oore-ọ̀fẹ́. Wò ó dáadáa: ó sọ ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀, ó sọ iṣẹ́ ẹ̀, ó sọ ibi tí agbára ẹ̀ ti wá, kò sì sí ọ̀kan tó fi pa ìkejì mọ́lẹ̀. Irú ẹnu yẹn ni mo fẹ́ kó o ní.

Nílẹ̀ wa níbí náà, ṣebí o mọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Lọ́dún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú, ọmọdé ni, wọ́n sì fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin nígbà kan. Iye tí àwọn kan dá lé e nìyẹn. Lọ́dún 1864 wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, bíṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní ìjọ Áńgílíkà, òun náà sì lọ́ra kó tó gbà á, Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS, ló rọ̀ ọ́. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n ó gbà, ó sì ṣe é. Bíbélì Yorùbá tí wọ́n parí lọ́dún 1884, òun ló ṣáájú àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀.

Ó yá, kí lo máa ṣe? Ra ìwé kékeré kan. Gálátíà 6:4 ní kí oníkálukú yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò, iṣẹ́ ló ní ká yẹ̀ wò, kò ní bí nǹkan ṣe ń ṣe wá lára lọ́jọ́ náà. Kọ ohun tí ọwọ́ ẹ ti ṣe tí ẹ̀rí wà fún un. Lẹ́yìn ìyẹn wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí wọn kì í pọ́n ẹ, tí wọn ò sì kórìíra ẹ, bí ọmọ iṣẹ́ kan, kọ́sítọ́mà tó ti pẹ́, ẹnì kan nínú kwáyà, kó o bi wọ́n pé "kí ni mò ń ṣe tó ń ràn yín lọ́wọ́, kí ni mò ń ṣe tó ń dí yín lọ́wọ́?" Má bá wọn jiyàn. Kọ ọ́ sílẹ̀. Àwa tó ń ṣe iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn yìí ní ìbéèrè 10 tí ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà kan, Morris Rosenberg, gbé jáde lọ́dún 1965, ó wúlò, mo máa ń lò ó, ṣùgbọ́n bó o ṣe ń rí ara ẹ nìkan ló lè sọ fún mi, kò lè sọ bóyá òótọ́ lò ń rí. Àwọn tó ń rí ẹ lójoojúmọ́ ló lè sọ ìyẹn.

Tó bá kan àléébù ẹ, dárúkọ wọn ní pàtó. "Èèyàn burúkú ni mí" kì í ṣe ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, kò síbi tó o máa mú un tó o fi máa ronú pìwà dà. Nígbà tí Nátánì lọ bá Dáfídì ní 2 Sámúẹ́lì 12, ó dárúkọ Ùráyà, ó dárúkọ idà, ó dárúkọ ìyàwó tó gbà. Tìẹ náà lè jẹ́ pé: "mo ṣèlérí aṣọ fún ìyá kan fún ọjọ́ Sátidé, mi ò tíì gé e, mo sì sọ fún un lórí fóònù pé ó ti ń parí lọ." Ìyẹn, o lè lọ bẹ ìyá yẹn, o lè dín iṣẹ́ tó ò ń gbà kù, Ọlọ́run á dárí ẹ̀ jì ẹ́, ó tán nìyẹn. Ẹrù "mi ò dáa" tó ò ń rù kiri yẹn ò ní tán láé torí kò lórúkọ.

Tí wọ́n bá yìn ẹ́ ńkọ́? Sọ pé "ẹ ṣeun mà, inú mi dùn pé ó bá yín mu, Ọlọ́run ló fún mi lọ́gbọ́n ẹ̀." Ẹ̀rí wà nínú Bíbélì fún ọ̀rọ̀ yẹn, èyí sì máa ń dùn mọ́ mi nínú tí mo bá rí télọ̀: nínú Ẹ́kísódù 28:3, àwọn tó máa rán aṣọ Áárónì, Ọlọ́run ní òun ti fi ẹ̀mí ọgbọ́n kún wọn. Aṣọ rírán o! Tó o bá wá sọ pé kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ, ẹ̀bùn ta lò ń sọ bẹ́ẹ̀ sí?

Ọ̀rọ̀ kan rèé tí mi ò fẹ́ fi ṣeré. Tó bá jẹ́ pé o ò rí oorun sùn, oúnjẹ ò wọlé, nǹkan tó ń dùn mọ́ ẹ tẹ́lẹ̀ ò dùn mọ́, tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí ikú bá ń wá sí ẹ lọ́kàn, ìyẹn ti kọjá ìbéèrè àti ìdáhùn, lọ rí dókítà kíákíá, ọsibítù UNIMED, ti yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn, wà ní Akúrẹ́ níbí, ó wà ní Oǹdó náà, kó o sì sọ fún ẹnì kan nílé lónìí. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Èlíjà ní kí òun kú nínú 1 Àwọn Ọba 19, oorun àti oúnjẹ ni Ọlọ́run kọ́kọ́ fún un kó tó bá a sọ̀rọ̀.

Ti kwáyà, padà lọ bá wọn. Sọ òótọ́ nípa ara ẹ fún wọn, pé ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe rèé, ohun tí mi ò mọ̀ rèé, ibi tí mo ti máa nílò ìrànlọ́wọ́ rèé. Tí wọ́n bá gbọ́ ọ tán tí wọ́n ṣì fẹ́ ẹ, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún ẹ ní oṣù mẹ́ta kẹ́ ẹ jọ wò ó. Tó bá sì jẹ́ pé lẹ́yìn tó o gbàdúrà tó o yẹ̀ ẹ́ wò, iṣẹ́ yẹn ò bá ẹ mu lóòótọ́, o lè kọ̀ ọ́ láìsọ pé o ò yẹ.

Owó iṣẹ́ ẹ, èyí ni kó o kọ́kọ́ ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Ṣírò òwú, láínì, epo jẹnẹrétọ̀ àti ọjọ́ tí aṣọ kan ń gbà, béèrè iye tí àwọn tó o kọ́ níṣẹ́ ń gbà, dá iye tí kò ní rẹ́ ẹ jẹ tí kò sì ní rẹ́ oníbàárà jẹ. Kọ́sítọ́mà tó bá wá lọ́la, sọ iye yẹn fún un, má fi "ẹ má bínú" kún un.