Bawbee kò ti ara ọmọ ọwọ́ gba orúkọ

Ẹ kú ìbéèrè, ará wa ní Glasgow. Ẹni tí ó ta bawbee, owó àtijọ́ ilẹ̀ Scotland, fún yín sọ pé torí Mary, ọbabìnrin Scotland, tí ó jẹ ọba ní ọmọ ọwọ́ (“baby” ní Gẹ̀ẹ́sì) ni wọ́n ṣe sọ owó náà bẹ́ẹ̀. Irọ́ gbáà ni. Oṣù Kejìlá ọdún 1542 ni wọ́n bí Mary, bàbá rẹ̀, James Karùn-ún, sì ti ń rọ bawbee kí wọ́n tó bí i. Alexander Orrok, tí ó ni ilẹ̀ Sillebawby ní Fife, di ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń rọ owó ní 1538. Orúkọ ilẹ̀ ni wọ́n fi ń pe onílẹ̀ níbẹ̀, bí a ti ń fi Òwu pe Olówu, orúkọ yẹn náà ni ó sì lẹ̀ mọ́ owó tí ó rọ.

Àwọn tí ń pe ara wọn ní ọ̀mọ̀ràn ni ó bí mi nínú. Ilé gbàǹjo kan ní Edinburgh kọ ìtàn ọmọ ọwọ́ yìí sára páálí bawbee tèmi, wọ́n sì fi gbówó lé e. Nígbà tí mo tọ́ka sí ọdún ìbí Mary, akọ̀wé ní kí n kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́. Wọ́n ní kí n mú rìsíìtì wá. Mo mú un lọ. Wọ́n tún ní ọ̀gá tí ó mọ owó àtijọ́ lọ ìsinmi. Ọ̀gá dé, èmi ni ó ń wò láti òkè délẹ̀, kò wo owó, ó ní ohun tí gbogbo ayé ń sọ ni àwọn kọ, àti pé ìtàn kì í ṣe ara ọjà tí àwọn tà. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti gba owó ìtàn!

Òdòdó ẹlẹ́gùn-ún tí ó dé adé ni ẹ ó rí lójú bawbee Mary, kì í ṣe ojú ọmọ. Ara pẹ́nì rẹ̀ ni wọ́n ya ojú ọmọdé sí. Lẹ́yìn bawbee yìí, àgbélébùú Andrew, tí ó rí bí X, gba inú adé kọjá, OPPIDVM EDINBVRGI, ìyẹn “ìlú Edinburgh” ní èdè Látìn, sì yí i ká. Bí ó bá jẹ́ STIRLINGI, ìyẹn ìlú Stirling, ẹ má tètè tà á, ó ṣọ̀wọ́n. Èyí tí ó jẹ́ bàbà lásán, tí orí ọba wà lára rẹ̀, ti ayé Charles Kejì tàbí William ni.

Pẹ́nì Scotland 6 ni iye rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi í pe sísì Gẹ̀ẹ́sì o: láti 1603, pẹ́nì Scotland 12 ni wọ́n ń kà sí pẹ́nì Gẹ̀ẹ́sì kan. Ẹ má sì fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ rárá, nítorí bàbà ni ó pọ̀ nínú bawbee àkọ́kọ́, fàdákà díẹ̀ tí ó wà lójú rẹ̀ yóò bá omi lọ.