Ẹ̀wọ̀n kì í wo ẹni tó ń lo tramadol sàn

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 23, ń ṣiṣẹ́ ní sọ́míìlì. Tramadol ló fi ń gbé pákó, ó sì ti ń fa igbó mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kan, ó ṣubú lulẹ̀, ó ń gbọ̀n gìrìgìrì. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ kí ojú ẹ̀ lè wálẹ̀. Àwọn kan tún ń sọ lórí rédíò pé kí ìjọba gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí oògùn olóró bíi ti Portugal, níbi tí wọ́n ti ń tà á bíi gààrí. Ṣé wọn ò ní ba àwọn ọmọ wa jẹ́ tán báyìí?

Ìdáhùn: Mà, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹni tó sọ fún yín pé wọ́n ń tà á bíi gààrí ní Portugal ti ṣì yín lọ́nà. Ẹni tó bá tà á níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ títí dòní. Ohun tí wọ́n yí padà láti oṣù keje 2001 ni ti ẹni tó ń lò ó. Bí ohun tí wọ́n bá lọ́wọ́ ẹ̀ kò bá ju èyí tí ẹnì kan máa lò fún ọjọ́ 10, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, wọn ò sì ní gbé e lọ sílé ẹjọ́ ọ̀daràn. Iwájú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta ló máa lọ. Wọ́n á wò ó bóyá ó ti di bárakú fún un, wọ́n á sì júwe ibi ìtọ́jú fún un.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín gan-an ni mo fẹ́ dáhùn, torí ọ̀sẹ̀ kan ò lè lọ kí n má gbọ́ ọ lẹ́nu òbí: "Ẹ jẹ́ kó ṣẹ̀wọ̀n díẹ̀, á gbọ́n." Ó máa ń bí mi nínú. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀rù ló ń wò wọ́n sàn, ilẹ̀ yìí ì bá ti bọ́ tipẹ́. Òfin ológun 1984 sọ gbígbé oògùn olóró di ikú, wọ́n sì yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta l'Ékòó ní oṣù kẹrin 1985. Òfin NDLEA (àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró) ti 1989 kọ ẹ̀wọ̀n ọdún 15 sí 25 fún ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ní kokéènì, heroin tàbí irú wọn lọ́wọ́, tàbí tó ń lò ó. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ náà, ìwádìí ọdún 2018 tí UNODC (ẹ̀ka àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró) àti àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ jọ ṣe sọ pé mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn ló ń lo oògùn olóró lóríṣiríṣi, láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64. Ìhà ọ̀dọ̀ tiwa yìí, Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn, ló sì pọ̀ jù: ìdá 22.4 nínú 100.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ẹ̀wọ̀n ń ṣe nínú ara fún yín. Ẹbí kan náà ni tramadol àti mọ́fíìnì, oògùn apàrora tó le. Ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́, ara á mọ́ ọn. Hóró kan tó tó o lánàá kò ní tó o mọ́, á di méjì, á di mẹ́ta. Bí wọ́n bá wá tì í mọ́lé fún oṣù mẹ́fà, ara á gbàgbé, ṣùgbọ́n ọkàn ò ní gbàgbé. Ọjọ́ tó bá jáde, iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ ló máa gbé mì. Èémí ẹ̀ á máa lọ sílẹ̀, á máa lọ sílẹ̀, títí á fi dúró. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n wà lára ìgbà tó léwu jù fún wọn, kì í ṣe ní Nàìjíríà nìkan.

Ẹ̀rù ọlọ́pàá tún ń pa wọ́n lọ́nà mìíràn. Lóru ọjọ́ kan, ọ̀kadà já ọmọkùnrin kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣàgámù. A ò tíì bèèrè orúkọ tí àwọn méjì tó gbé e wá fi sá lọ. Epo pupa kún ẹnu àti imú ẹ̀, ó ti ṣàn dé àyà ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Dúdú inú ẹyinjú ẹ̀ ti kéré bí orí abẹ́rẹ́. Èémí mẹ́rin péré la kà fún un ní ìṣẹ́jú kan. Kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó lò fún wa, àfi káàdì tramadol tó wà lápò ẹ̀: mílígíráàmù 225 ni wọ́n kọ sára ẹ̀ fún hóró kan. (Hóró tramadol tó bófin mu nílẹ̀ yìí kì í ju mílígíráàmù 100 lọ.) A fún un ní naloxone, abẹ́rẹ́ tó ń lé irú oògùn yẹn, ó sì yè. Epo tó wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ ló dá a dúró sórí bẹ́ẹ̀dì fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Epo pupa kì í pa tramadol, mà. Èémí ló ń dí.

Torí náà, mo fara mọ́ ọn kí wọ́n yọ ẹni tó ń lò ó kúrò lábẹ́ ẹ̀wọ̀n, kí òfin máa bá ẹni tó ń tà á jà. Àmọ́ kí ibi ìtọ́jú kọ́kọ́ wà. Ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní oṣù kejì 2021. Ìwé ìtanràn dọ́là 100 àti nọ́ḿbà fóònù ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n bá mú. Àwọn tó pe nọ́ḿbà náà ò tó nǹkan, owó ìtọ́jú sì pẹ́ kó tó délẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án 2024, wọ́n ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ padà.

Èmi kì í ṣe lọ́yà o, òfin wa ṣì wà bó ṣe wà, mi ò sì tíì fojú rí ọmọ yín. Dókítà ló lè sọ ohun tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n tramadol máa ń fa gìrì, pàápàá tó bá pọ̀. Ẹ má sọ pé àwọn ayé ni kẹ́ ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá tún ṣubú, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má da nǹkan kan sí i lọ́fun, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni so ó mọ́lẹ̀ ní orúkọ àdúrà tàbí àgbo. Ẹ má sì gba gbogbo hóró ẹ̀ dànù lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ la fi ń já a, lábẹ́ ojú dókítà.

Ẹ mú un lọ sí OOUTH, ilé ìwòsàn yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ, ní Ṣàgámù, tàbí kẹ́ ẹ lọ sí Aro, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ, l'Abẹ́òkúta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tijú orúkọ Aro. Ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, ẹ mú káàdì òfìfo tẹ́ ẹ bá rí dání, kí wọ́n lè ka nọ́ḿbà ara ẹ̀. Tí ẹ̀gbọ́n yín bá máa bú u láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró sílé.